Oògùn Ẹja Tó Pa Ewé Àmánà

Iyọ̀ ni mo ní mo fi sínú omi náà. Kì í ṣe iyọ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, torí ẹni tó bá fẹ́ ka ìtàn iṣẹ́ ayé mi, ó yẹ kó mọ irú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Àwọn tó mọ̀ mí ní Manigri ti wá ń sọ báyìí pé oògùn ni Múfù fi pa ewé ọ̀gá rẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ ìdajì òótọ́ ni. Oògùn pa ìdajì ewé. Irọ́ tí mo pa ló pa ìyókù.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà ló sábà máa ń sọ irú ìtàn yìí, àwọn tí orí wọn ti funfun. Irùngbọ̀n tèmi ṣì dúdú. Àmọ́ iṣẹ́ náà ti tán lọ́wọ́ mi, oko kajú bàbá mi ni mo wà báyìí, iṣẹ́ tó bá sì ti tán, èèyàn lè sọ ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Bí ẹ bá rí ibi tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ wọ́, ẹ fi jì mí.

Iṣẹ́ wa nìyí: ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń wò, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń jẹ. À ń kó wọn nínú àwọn odò kéékèèké tó wà káàkiri igbó Bassila, à ń sìn wọ́n, à ń gbin ewé inú omi, a ó wá kó ẹja àti ewé sínú àpótí gíláàsì fún àwọn tó ní ilé àlejò lójú títì, àti fún àwọn olówó Parakou àti Cotonou. Àkùwáríọ́mù ni àwọn tó ń rà á ń pè é. Àwa ń pè é ní ilé ewé, torí ọ̀gá mi gbà pé ewé ló ni ilé, ẹja kàn ń gbé ibẹ̀ ni.

Nígbà tí bàbá mi gbọ́ pé iṣẹ́ tí mo fẹ́ kọ́ nìyẹn, ó fi ọkọ́ rẹ̀ lélẹ̀, ó ń wò mí.

"Ẹja tí wọn ò ní jẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Tí wọ́n á máa fún lóúnjẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó dáa. Èmi náà á ra ewúrẹ́ kan, á máa gbé inú yàrá, á máa wo èmi àti ìyá rẹ."

Síbẹ̀, nígbà tí ọjà tú, ó di iṣu sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Ìsífù. Wọ́n gbà mí. Ọ̀rọ̀ owó tó wà níbẹ̀ kò gùn, kò sì dùn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Ọ̀gá Ìsífù jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti gbé Cotonou pẹ́, tó ti tọ́jú irú àpótí bẹ́ẹ̀ fún òyìnbó, tó wá padà sílé wá dá tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá títì. Kò ga, ohùn rẹ̀ kò sì le. Àmọ́ láàárọ̀, kí a tó kí i tán, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa sọ: "Ọwọ́."

Èmi àti Sùlé, ẹni tó ti ń kọ́ṣẹ́ kí n tó dé, a ó na ọwọ́ wa síwájú bí ẹni ń gba àdúrà. Ọ̀gá á tẹrí ba, á gbóòórùn wọn. Bí ó bá gbóòórùn ọṣẹ, o ò ní fọwọ́ kan omi lọ́jọ́ náà. Bí ó bá gbóòórùn òrí tí o fi para, o ò ní fọwọ́ kan omi lọ́jọ́ náà.

"Ọ̀gá," Sùlé á ní, "ti Múfù ń rùn bí ìyàwó tí wọ́n ń gbé lọ sílé ọkọ."

"Tìrẹ ńkọ́?"

"Tèmi ń rùn bí ọwọ́ òṣìṣẹ́, Ọ̀gá."

"Tìrẹ ń rùn bí àkàrà. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ lọ gbá ilẹ̀."

Wọ́n ní ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ló máa bá ẹja mu omi. Ọ̀gá máa ń sọ pé ẹni tó wà lórí ilẹ̀ lè sá fún ohun tó ń rùn, àmọ́ ohun tó wà nínú omi, inú ohun tí o bá dà sí i ló máa sùn, inú rẹ̀ ló máa jí. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn tó yé mi. Mo rò pé ẹja ló ń sọ.

Ọdún àkọ́kọ́ mi, omi ni mo ń pọn. Mo ń fi bídọ́ọ̀nù gbé e láti ibi ẹ̀rọ omi, mo ń dà á sínú ìkòkò ńlá, ó ń sinmi kí a tó lò ó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jẹ́ kí n máa so ewé mọ́ òkúta. Àwọn ewé kan wà tí kì í gbé inú yanrìn. Òkúta ni wọ́n ń dì mú. A ó fi òwú so igi ìdí wọn mọ́ òkúta, títí gbòǹgbò wọn á fi dì í mú fúnra wọn, a ó wá gé òwú náà. Èyí tí mo kọ́kọ́ so, mo so ó le dáadáa kí ó má baà bọ́. Ọ̀gá gbé e sókè, ó wò ó.

"Olè lo mú ni?"

"Rárá, Ọ̀gá."

"Tú u sílẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ó ní kí n tú gbogbo èyí tí mo so lọ́jọ́ náà, kí n tún wọn so. Kò bínú. Ó jókòó tì mí, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó sì ń kó èèpo rẹ̀ sínú fìlà kí ó má baà já sínú omi.

Òfin tó le jù nínú iṣẹ́ náà ni ti oògùn. Ẹja ń ṣàìsàn bí èèyàn ṣe ń ṣàìsàn. Nǹkan funfun lè yọ sí wọn lára bí èérún gàrí, ìrù wọn lè máa jẹrà, wọ́n lè máa fi ara nu òkúta bí ẹni tí ara ń yún. Oògùn wà fún gbogbo rẹ̀. Àmọ́ oògùn kò gbọdọ̀ wọ ilé ewé. Ẹja tó ń ṣàìsàn ni a ń mú jáde, a ó gbé e lọ sínú abọ́ amọ̀ ńlá tó wà lábẹ́ òrùlé lẹ́yìn ilé, tí kò sí ewé níbẹ̀, tí kò sí yanrìn, omi lásán. Ilé àìsàn ni à ń pè é. Níbẹ̀ ni a ti ń tọ́jú rẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi yá.

Mo bi Ọ̀gá pé kí ló dé. Ẹja tó wà nínú ewé, kí la ṣe ń lé e jáde nílé nígbà tí ara rẹ̀ kò yá?

Ó já ewé tẹ̀tẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó fi sínú abọ́, ó bu iyọ̀ sí i, ó ní kí n máa lọ ṣiṣẹ́ mi. Nígbà tí mo padà wá, ewé náà ti rọ bí aṣọ tútù.

"Ẹja tí o fi iyọ̀ wò, ó lè yè," ó ní. "Ewé tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ ọ, díẹ̀díẹ̀, láàárín ọdún. Oògùn aláwọ̀ aró tó ń wo egbò ẹja máa ń rẹ ewé láró, òkúta náà á gbà á, ó sì ń pa àwọn ohun tí ojú wa ò rí tó ń jẹ ìdọ̀tí inú omi, tí omi á fi wá dàrú. Èyí tó jẹ́ hóró elése àlùkò, bí o bá ri ewé sínú rẹ̀ wéré tí o yọ ọ́, ó ń fọ ẹyin ìgbín kúrò lára rẹ̀. Bí o bá gbàgbé ewé síbẹ̀, ewé tínrín á jóná bí ìgbà tí iná rà á. Àwọn oògùn kápúsù tí wọ́n ń tà lọ́jà, tí èèyàn ń lò fún ikọ́ àti egbò, àwọn kan máa ń tú u sómi fún ẹja. Wọn ò ba ewé jẹ́ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ omi á dà bí omi ògì, ewé ò ní rí ìmọ́lẹ̀. Èyí tó burú jù ni èyí tí wọ́n fi bàbà ṣe, irú bàbà tó wà nínú okùn iná. Ó ń lé kòkòrò ara ẹja dáadáa. Ó ń pa ìgbín, ó ń pa edé, ó ń pa ewé, kì í sì í lọ. Ẹ lè da omi nù, yanrìn á ti mu ún, òkúta á ti mu ún, á wá máa pọ̀ ọ́ padà sínú omi tuntun.

Gbogbo ìyẹn ni mo mọ̀ létí. Ohun tí etí mọ̀, ọwọ́ lè má mọ̀ ọ́n.

Nínú gbogbo àpótí tó wà nílé Ọ̀gá, ọ̀kan wà tí kì í ṣe títà. Ewé àpáta ló wà nínú rẹ̀: ewé dúdú, nínípọn, tó rí bí etí ẹran, tó ń dì mọ́ òkúta. Ìyá àgbà kan ní Dógùè ló ni ín. Adízà ni orúkọ rẹ̀, Ìyá Dógùè ni à ń pè é. Oko rẹ̀ wà lẹ́bàá odò kan tó kún fún ewé yìí látijọ́. Abẹ́ rẹ̀ ni ẹja ibẹ̀ ń yé sí. Nígbà tí àwọn kan gé igi etídò láti fi ṣe èédú, oòrùn jó odò náà, omi rẹ̀ gbẹ. Ìyá ṣa èyí tó kù lára àpáta, ó fi aṣọ tútù dì í, ó gbé e wá sọ́jà Manigri, ó sì gbé e fún Ọ̀gá Ìsífù, tó ti ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Èmi kò sí níbẹ̀, àmọ́ Sùlé máa ń sín ohùn rẹ̀ jẹ: "Ìsífù, mi ò tà á fún ọ o. Àmánà ni. Mo fẹ́ lọ gbin igi. Ọjọ́ tí omi bá padà, mo máa wá gbà á."

Àwọn èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ arúgbó ni. Ìyá gbin igi. Lọ́dọọdún ó máa ń gba ọ̀nà ọjà yà sọ́dọ̀ wa, á bẹ̀rẹ̀ mọ́ àpótí náà, á kí ewé rẹ̀ lédè tirẹ̀, á wá fi Nàgó, èdè tiwa, sọ fún Ọ̀gá pé igi òun ti tó orúnkún, igi òun ti tó ìbàdí. Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ mi yìí ṣẹlẹ̀, ó ní igi òun ti ń ṣíji bo àpáta, omi ò gbẹ tán mọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ní bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, òun á wá.

Ohun èlò iṣẹ́ wa ti ń yí padà nígbà náà. Abọ́ amọ̀ ti ń lọ, gíláàsì ló kù. Àtùpà lọ, iná oòrùn tí wọ́n ń gbé sórí òrùlé dé, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sómi. Oògùn tí a máa ń fi orí èékánná wọ̀n di ìgò tí wọ́n ti wọ̀n sílẹ̀. Sùlé ti gba òmìnira, ó ti lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Parakou. Èmi ni mo wá dàgbà nílé, mo sì ń rìn bí ẹni tó dàgbà.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá kú ní Parakou lákòókò ọyẹ́. Ọ̀gá múra, ó ń lọ síbi òkú náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Múfù, ti Ìyá Dógùè."

Mo ní, "Ọ̀gá, ọkàn yín balẹ̀."

Kò pẹ́ tó lọ tí òtútù mú omi, nǹkan funfun yọ sára ẹja. Ẹja tó wà nínú àpótí ewé àpáta ló kọ́kọ́ mú. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Kí n gbé àwọn òkúta náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, torí abẹ́ wọn ni ẹja ń sá sí, kí n kó ẹja lọ sí ilé àìsàn. Àmọ́ òkúta náà wúwo, gbòǹgbò ti so ọ̀kan mọ́ èkejì, omi tutù, ọwọ́ mi ń ro mí. Mo dúró, mo ń ro ọgbọ́n.

Ọgbọ́n tí mo rò nìyí. Àwa ará Manigri, àgbẹ̀ kajú ni wá. Bàbá mi ní oògùn búlúù kan tó ń pò mọ́ omi, tó ń fọ́n sórí kajú nígbà tí ewé rẹ̀ bá ń yọ tí àrùn dúdú bá fẹ́ mú un. Bàbà ló wà nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò kékeré fún ẹja, bàbà náà ló wà nínú rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń tẹ̀lé bàbá mi fọ́n ọn. Mo ti rí ewé kajú tí oògùn náà bò títí tó di búlúù, tí kò ṣe é ní nǹkan kan, tó tún ń dán sí i. Mo wá sọ fún ara mi pé Ọ̀gá, ọmọ Cotonou ni, kò mọ oko. Oògùn tí ewé ń wẹ̀, báwo ló ṣe máa pa ewé?

Mo bu díẹ̀ nínú àpò oògùn bàbá mi, mo tú u sínú ilé ewé.

Ó ṣiṣẹ́! Kí n má purọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Nǹkan funfun náà bẹ̀rẹ̀ sí í já kúrò lára ẹja. Mo pe Sùlé lórí tẹlifóònù, mo ń yangàn.

"Mo ti rí oògùn tí Ọ̀gá ò mọ̀."

"Ìwọ? Ìwọ tó ń so òkúta bí olè?"

"Ẹja ń ṣeré o. Ilé àìsàn ti di ilé adìyẹ."

"Múfù, kí lo fi sí i?"

Mo ní máa sọ fún un tó bá fún mi ní adìyẹ.

Ìgbín ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Wọ́n já kúrò lára gíláàsì, wọ́n sùn sórí yanrìn, ilẹ̀kùn wọn ṣí. Lẹ́yìn náà, àwọn ewé tínrín tó wà láàárín òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ gaara bí ọ̀rá, bí mo bá fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n á já. Ewé tó kú ń jẹrà, omi ń rùn, ìjẹrà ń gba afẹ́fẹ́ mọ́ ẹja lọ́wọ́. Ní àárọ̀ kan mo bá gbogbo ẹja lókè, ẹnu wọn lójú omi, wọ́n ń mí gúlegúle. Ẹja tí oògùn ti wò sàn, ewé tí oògùn pa ló wá ń pa wọ́n. Mo kó èyí tí mo lè kó jáde. Ewé àpáta ṣì dúró, ó nípọn, àmọ́ etí rẹ̀ ti ń pọ́n.

Ohun tí mi ò rò nìyí, ẹ̀yin ọmọ: ewé kajú wọ aṣọ. Awọ ara rẹ̀ ń dán, oògùn á dúró lórí rẹ̀, òjò á wá fọ̀ ọ́. Ewé inú omi kò wọ nǹkan kan. Gbogbo ara rẹ̀ ló fi ń mu.

Ọ̀gá dé nígbà tí mo ń yí omi padà. Kò gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn omi bó ṣe máa ń gbóòórùn ọwọ́ wa.

"Kí lo fi sí i?"

Mo wo ojú rẹ̀. Ó ṣì ń ṣọ̀fọ̀, eruku ọ̀nà wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní bàbà, ó máa rántí gbogbo ìgbà tó ti kọ́ mi. Iyọ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ tó kéré jù tí mo rí.

"Iyọ̀ díẹ̀, Ọ̀gá."

Ó mí kanlẹ̀. "Iyọ̀ kò burú jù. Omi á fọ̀ ọ́."

Ibẹ̀ ni mo ti pa ìyókù. Bí ó bá mọ̀ pé bàbà ni, lọ́jọ́ náà gan-an ni ì bá ti tú gbogbo ewé kúrò lórí òkúta, kó gé ibi tó rà dànù, kó gbé ìyókù lọ sínú omi mìíràn tí kò ní yanrìn. Nítorí pé iyọ̀ ni mo sọ, omi ló ń yí padà. Ó ń da omi tó mọ́ sórí yanrìn tó ti mu bàbà, ewé náà wà lórí òkúta tó ti mu bàbà, ó ń mu ún lọ́sàn-án, ó ń mu ún lóru. Igi ìdí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀gá kò lóye rẹ̀. Ó ń jókòó síwájú àpótí náà lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, á máa fi ìka tẹ ìdí ewé. Ní ọjọ́ kan, mo ń gbá ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Bóyá ojú mi ni. Bóyá ọwọ́ mi ló ti ń rùn tí mi ò mọ̀."

Ó wá gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ń gbóòórùn wọn.

Mo fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀. "Ọ̀gá, kì í ṣe iyọ̀. Oògùn kajú bàbá mi ni."

Kò lù mí. Mo fẹ́ kó lù mí. Ó kàn ní, "Gbé ọ̀bẹ wá," ohùn rẹ̀ sì yára bí ti ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. A kó gbogbo òkúta jáde. A ń gé, a ń gbóòórùn, a ń jù nù. Ìdí ewé tó ti rà máa ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ẹyọ kan ṣoṣo la rí tó ṣì le nínú, kò ju ìka ọmọ ọwọ́ lọ, kò ní ewé kankan lórí. Ọ̀gá fi sínú ìkòkò amọ̀ tuntun, ó gbé e sábẹ́ òjìji.

Òjò rọ̀ dáadáa lọ́dún yẹn.

Ìyá Dógùè dé pẹ̀lú agbọ̀n méjì, ó ti tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú wọn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fi alùpùpù gbé e wá. Ó ń rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà.

"Ìsífù, mo dé o! Omi ti dé orúnkún mi! Kó ẹrù mi fún mi."

Ọ̀gá dìde. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ti ṣí ẹnu mi. Kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá.

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ jókòó."

"Kò rẹ̀ mí. Níbo ló wà?"

"Ó ti bàjẹ́, Ìyá. Ó bàjẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo fi oògùn sí i."

Ìyá wo àpótí tó ṣófo, ó wo ojú Ọ̀gá. Ẹ̀rín ò tètè kúrò lójú rẹ̀.

"Ìwọ," ó ní. "Ìwọ tó máa ń bá àwọn ọmọ mi jà pé wọ́n fi ọwọ́ elépo mú ẹja."

"Èmi ni."

"Ó dáa." Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ méjèèjì, ó fi ọ̀kan sínú èkejì. "Ó dáa, Ìsífù."

Kò yà sọ́dọ̀ wa mọ́ láti ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò ta ẹja fún wa mọ́. Lọ́jà, bí ó bá rí Ọ̀gá, á gba ibòmíràn.

Mo bi Ọ̀gá ní ìrọ̀lẹ́ yẹn pé kí ló dé tí kò pe orúkọ mi. Ó ń fọ abọ́ ilé àìsàn.

"Ìwọ kọ́ ló gbé e fún. Ọmọ iṣẹ́ mi ni ọ́, ọwọ́ mi ni ọ́. Bí ọwọ́ mi bá já nǹkan lulẹ̀, ṣé ọwọ́ ni mo máa ní kó lọ bẹ̀bẹ̀?"

Mo ṣe iṣẹ́ náà pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Mo gba òmìnira, mo lọ sí Bassila, mo ń tọ́jú àpótí fún àwọn ilé àlejò. Mi ò ní sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Bí oníbàárà bá pè mí pé ẹja òun ní nǹkan funfun lára, pé òun ti da oògùn sí i, mo máa ń sáré lọ bí ẹni tí wọ́n pè sí ibi ìjàǹbá, ohun àkọ́kọ́ tí mo sì máa ń bi í ni, "Kí lẹ fi sí i? Ẹ sọ òótọ́ fún mi, mi ò ní bínú." Àwọn kan máa ń wojú ilẹ̀, wọ́n á ní, "Iyọ̀ díẹ̀." Mi ò kì í bá wọn jà. Máa ní kí wọ́n jẹ́ ká kó ewé jáde bí ẹni pé bàbà ni.

Àmọ́ àwọn tó ń ra àpótí ń dín kù, ilé àlejò kan gbé tẹlifíṣọ̀n síbi tí àpótí mi wà, bàbá mi náà sì ti ń darúgbó. Mo padà sí Manigri.

Ọ̀gá Ìsífù ṣàìsàn lọ́dún tí mo padà. Kí ó tó lọ, ó ní kí wọ́n gbé ìkòkò amọ̀ tí ẹyọ igi ìdí tó kù wà nínú rẹ̀ fún mi. A sin ín, a ṣe àdúrà rẹ̀. Mo wo ọ̀pọ̀ èrò tó wá, mi ò rí ará Dógùè kankan.

Mo gun alùpùpù lọ sí Dógùè lẹ́yìn àdúrà náà. Ìyá wà lábẹ́ igi tó gbìn, ó ń ṣa ilá sínú ọpọ́n. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Mo kí i, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀: oògùn kajú, iyọ̀, àti pé kì í ṣe Ọ̀gá. Ó gbọ́ mi tán.

"Ó ti lọ?"

"Ó ti lọ, Ìyá."

"Mi ò kí i lọ́jà." Ó mú ilá kan, ó gbé e sílẹ̀. "Ọdún mélòó ni mi ò fi kí i."

Mo ní kó foríjì mí. Ó ní òun ti foríjì mí, pé òun máa ṣe àdúrà fún Ìsífù, ìyẹn wà láàárín òun àti Ọlọ́run. Mo rò pé ó ti tán, mo dìde, mo ń gbọn eruku kúrò lórúnkún.

"Ibo lò ń lọ?" ó ní.

"Ilé, Ìyá."

"Ọ̀rọ̀ rẹ dára, mo gbọ́ ọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ò ní gbòǹgbò, ọmọ mi. Ewé ni mo fún ọ̀gá rẹ."

Ó mú mi lọ sí etídò. Omi ń ṣàn lábẹ́ òjìji, ó mọ́, ó tutù. Àpáta náà wà níbẹ̀, ó tẹ́ lọ sísàlẹ̀ títí ojú mi ò fi rí òpin rẹ̀, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ẹja wẹ́wẹ́ kan kọjá, ó yí ká, kò rí ibi tó máa sá sí.

"Mi ò kánjú," Ìyá ní. "Àmọ́ mo ti darúgbó."

Ìkòkò amọ̀ náà wà lẹ́yìn ilé wa báyìí, lábẹ́ igi òròm̀bó. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oògùn kajú kọjá níbẹ̀. Igi ìdí yẹn ti yọ ewé, ó ti bí èkejì, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ bí ohun tí kò gbọ́ pé ẹnì kan ń dúró. Mo jẹ Ìyá Dógùè ní ewé tó bo àpáta kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Títí di àárọ̀ yìí, èyí tí mo ní kò tíì bo òkúta kan.